Kí Ni Ó Pa Awakọ̀ Náà?

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òwe yìí ni mo fi ṣíde ọ̀rọ̀ mi fún ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ orí ni, ọ̀rọ̀ ìṣọ́ sì ni pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀, kí ó jọ̀wọ́ mú sùúrù fún mi. Òṣòdì ni ilé wa. Ọmọ tí a bí sí Òṣòdì a máa gbọ́ ohùn agbèrò kí ó tó gbọ́ ti olùkọ́, orúkọ ibùdókọ̀ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ kí ó tó mọ a, b, d.

Ẹni tí ó bá dúró lábẹ́ afárá Òṣòdì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yóò rí ìje tí ẹnikẹ́ni kò ju àsíá sí. Dáńfó méjì a gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, Ìyànà-Ìpájà ni àwọn méjèèjì ń lọ. Èrò mẹ́ta péré ni ó dúró ní Bọ́ládé, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ débẹ̀ ni yóò kó wọn. Kì í ṣe ayọ̀ ni awakọ̀ fi ń ṣe é. Ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Iye owó kan wà tí ó gbọ́dọ̀ kó fún olówó ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Owó epo ń bẹ níbẹ̀, owó gáréèjì ń bẹ níbẹ̀, èyí tí ó bá ṣẹ́kù ni yóò gbé lọ sílé fún aya àti ọmọ. Nítorí náà ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kọ̀ńdọ́ rẹ̀ so rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà bí àdán, àwa èrò sì di àga mú. Bí èyí kò bá jẹ́ ìje, èmi kò mọ ohun tí à ń pè ní ìje.

Àwọn kan wà ní òkè òkun tí ìje ọkọ̀ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ọkọ̀ tiwọn a máa sáré kọjá 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn wọn, ohun tí mo sì rí nínú ìtàn náà ni ó mú mi gbé kálàmù. Ní àtijọ́, ikú kò ṣọ̀wọ́n láàárín wọn rárá. Ní òde òní, ó ti di ohun tí a fi ń pa ìtàn. Kì í sì í ṣe pé wọ́n dín eré kù.

Ní ọdún 1950 ni ìdíje àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Formula 1 bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, awakọ̀ kì í de bẹ́líìtì. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ó sàn kí ọkọ̀ ta ènìyàn dànù ju kí ó jóná mọ́ inú rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1955, ní Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ Pierre Levegh fò kúrò lójú ọ̀nà, ó sì ya wọ àárín àwọn òǹwòran. Òun àti àwọn òǹwòran tí ó lé ní 80 ni ó kú. Síbẹ̀, ìje ọjọ́ náà kò dúró.

Ẹni tí ó kọ̀ láti gba bẹ́ẹ̀ ni Jackie Stewart, ará Skọ́tílàǹdì. Ní ọdún 1966, ní Spa ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, òjò gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ náà ká mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, epo bẹntiróòlù sì ń ṣàn sí i lára. Kò sí dókítà nítòsí, kò sí ẹni tí ó ní irinṣẹ́ láti tú u sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Graham Hill àti Bob Bondurant, ni ó yá sípánà lọ́wọ́ òǹwòran kan kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni Stewart ti ń fi sípánà há inú ọkọ̀ tirẹ̀. Kò sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó ń bèèrè bẹ́líìtì, ó ń bèèrè irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń bèèrè dókítà ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń sá ìje. Wọ́n pè é ní ojo. Ojo náà gba ipò akọni àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1973.

Ẹ̀rù iná kò tètè kúrò lọ́kàn àwọn yòókù. Jochen Rindt, ará Austria, kì í fẹ́ de apá bẹ́líìtì tí ó ń gba àárín itan, kí ó ba lè tètè jáde bí iná bá sọ. Ní Monza ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970, ọkọ̀ rẹ̀ kọlu irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ara rẹ̀ yọ̀ lọ sí abẹ́ bẹ́líìtì, bẹ́líìtì náà sì bá a lọ́fun. Kì í ṣe iná ni ó pa á. Nígbà tí wọ́n ṣírò ohun tí ó ti jẹ ní ọdún náà, kò sí ẹni tí ó bá a, òkú ni wọ́n sì fi ipò akọni àgbáyé dá lọ́lá.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń tẹ̀lé òkú kọ̀ọ̀kan: kí ni ó pa á? Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, bẹ́líìtì a di àyà mú, ṣùgbọ́n orí kò ní bẹ́líìtì. Orí a máa bá eré lọ, egungun ìsàlẹ̀ agbárí a sì dá. Ohun tí ó pa Patrick Jacquemart ní ọdún 1981 nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jim Downing, tí òun náà ń sá ìje, lọ bá àna rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Hubbard, wọ́n sì jọ ṣe ohun líle kan tí ó jókòó lé èjìká lábẹ́ bẹ́líìtì, tí okùn sì so ó mọ́ àkòtó orí. HANS ni wọ́n pè é. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ní ó ń ni àwọn lára, wọn kò rà á. Roland Ratzenberger kú ní Imola ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1994, Ayrton Senna kú níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Dale Earnhardt kú ní Daytona ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejì ọdún 2001. Ní ọdún 2003, Formula 1 sọ ọ́ di òfin: ẹni tí kò bá wọ HANS kò ní sá ìje.

Bákan náà ni ti Halo, irin títẹ̀ tí ó yí orí awakọ̀ ká, tí wọ́n sọ di dandan ní ọdún 2018. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó burẹ́wà, Romain Grosjean sì wà lára àwọn tí kò fẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ní Bahrain, ọkọ̀ rẹ̀ já wọ inú irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó pín sí méjì, iná sì bò ó. Ọwọ́ jíjóná ni ó gbé jáde. Òun fúnra rẹ̀ wí lẹ́yìn náà pé bí kò bá sí ohun tí òun kò fẹ́ yìí ni, òun kì bá tí lè sọ̀rọ̀ mọ́. Láti ikú Senna títí di ìsinsìnyí, ẹnì kan ṣoṣo ni ìje Formula 1 ti pa nínú àwọn awakọ̀ rẹ̀: Jules Bianchi, tí ó fara pa ní Japan ní ọdún 2014, tí ó sì kú ní ọdún 2015.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Òṣòdì. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní àgbàlá tí mo ti dàgbà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Dáńfó ni ó ń wà. Iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń fi mí sí lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí mo ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí ó bá ti rí aṣọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lókèèrè, a fa bẹ́líìtì kọjá èjìká, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí yóò kì í bọ̀, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́. Bí a bá ti kọjá wọn, a jù ú sílẹ̀. “Àbúrò,” ni ó máa ń wí, “owó fáìnì ni okùn yìí wà fún.” Ní òru ọjọ́ kan, táyà iwájú rẹ̀, táyà tòkunbọ̀ tí ó ti pá bí orí àgbà, bẹ́ ní ojú ọ̀nà Apápá. Ọkọ̀ náà kọlu ògiri àárín títì. Gíláàsì iwájú ni ẹ̀gbọ́n wa gbà jáde. Ọkọ̀ kò bàjẹ́ púpọ̀. Kò pé oṣù kan tí a fi rí i lábẹ́ afárá tí ẹlòmíràn ń fi kó èrò.

Gbogbo ẹni tí ó wá bá wa kẹ́dùn ni ó ń wí pé ọlọ́jọ́ ni ó dé. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí ẹní, ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, “Kí ni ó pa á?” Wọ́n ń dá a lóhùn pé, “Màmá, ẹ fi fún Ọlọ́run.” Ìbéèrè ni ìyá àgbà náà ń bèèrè, wọ́n gbà á sí ẹkún.

Èmi kò bá “ọlọ́jọ́ dé” jà. Gbólóhùn náà ti nu omijé ọ̀pọ̀ ènìyàn nù. Ṣùgbọ́n èdè tí ó bí i náà ni ó bí “ikú àìtọ́jọ́”, àwọn baba wa sì máa ń gbàdúrà pé kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ikú ni ó bọ́ sí ọjọ́ rẹ̀, kí ni a ń tọrọ nínú àdúrà wọ̀nyí? Àwọn baba wa kò fi àdúrà mọ. Alágbẹ̀dẹ tí ó ń sin Ògún tọkàntọkàn kì í fi ọwọ́ lásán mú irin gbígbóná. Ẹ̀mú ni ó fi ń mú un. Ẹlẹ́mu kì í sì í gun ọ̀pẹ láìfi igbà gbá ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, kò sí ẹni tí ó sì ń wí pé igbà fi hàn pé kò gba Ọlọ́run gbọ́. Kí ni bẹ́líìtì bí kì í bá ṣe igbà awakọ̀?

Bíbélì pàápàá sọ fún wa pé Gòláyátì dé àṣíborí idẹ, síbẹ̀ iwájú orí ni òkúta Dáfídì ti bá a. Bí àwọn Filísínì bá ní ọgbọ́n àwọn eléré ìje yìí ni, wọn ì bá ti rọ òmíràn tí yóò bo iwájú orí kí ogun mìíràn tó dé.

Ẹnì kan lè ní ìjọba ti ṣe òfin tirẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2009, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí mú ọlọ́kadà tí kò bá dé àkòtó, àti òun àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé agolo ọ̀dà. Èrò mìíràn sì ń bẹ̀rù pé oògùn lè wà nínú àkòtó tí ọlọ́kadà gbé fún òun. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín púpọ̀, nítorí pé ẹni tí ó dé igbá ti dá ìjọba lóhùn ní èdè tí ìjọba fi bá a sọ̀rọ̀: fáìnì ni ó gbọ́, fáìnì ni ó sì wá nǹkan dé fún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba Èkó fi òfin lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ pẹ̀lú Músíìn, Ṣómólú àti Kòsọ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a lé kúrò lórí ọ̀kadà, inú dáńfó ni ó wọ̀, ibẹ̀ náà sì rèé, kò sí igbà.

Òmíràn yóò ní òṣì ni ó fa gbogbo rẹ̀. N kò jiyàn. Ẹni tí ń wá owó olówó ọkọ̀ kò ní ra táyà tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kì í ṣe àpò awakọ̀ ni Stewart ń tọ́ka sí. Àwọn tí ó ni ọ̀nà ìje àti àwọn tí ń pa owó lórí rẹ̀ ni ó ń bá wí. Ẹni tí ó ń gba owó lọ́wọ́ dáńfó lálaalẹ́ ni kí ó fi bẹ́líìtì àti táyà sí i. Bẹ́líìtì olórí-mẹ́ta tí gbogbo ọkọ̀ ń lò ti wà láti ọdún 1959, tí Nils Bohlin ṣe é fún Volvo, ilé-iṣẹ́ náà sì jẹ́ kí àwọn yòókù máa lò ó. Kì í ṣe nǹkan ọ̀wọ́n.

Ẹ má sì ṣe wí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwa aláwé. Wọlé Ṣóyínká tí ó kọ eré The Road ní ọdún 1965, tí awakọ̀ àti òkú ojú ọ̀nà kún inú rẹ̀, òun ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní ọdún 1988. Kò kàn fi ikú ojú ọ̀nà ṣe eré kí ó sì lọ sùn.

Ohun tí mo ń bèèrè kò tó ti Ṣóyínká. Kí gáréèjì kọ̀ọ̀kan ní Òṣòdì ní ìwé kan. Bí awakọ̀ tàbí kọ̀ńdọ́ bá kú, lẹ́yìn tí a bá ti sin ín, tí a ti kẹ́dùn, tí a sì ti wí pé ọlọ́jọ́ dé, kí akọ̀wé ṣí ìwé náà, kí ó kọ ohun tí ó pa á síbẹ̀: táyà ni, bíréèkì ni, bẹ́líìtì tí kò ní ẹnu ni, ọtí paraga ni, tàbí ilẹ̀kùn tí a fi okùn so. Nígbà tí ojú ewé mẹ́wàá bá kún, kí a gbé e lọ síwájú àwọn olówó ọkọ̀ àti ìjọba. Bí kò bá sí ẹni tí ó mọ ìwé kọ ní gáréèjì náà, a wà ní yunifásítì, ọkọ̀ wọn ni a sì ń wọ̀ wá.