F-250 Nígbà Tó Bá Ń Gbọ̀n

Iwájú ọkọ̀ yìí ni kí á ti bẹ̀rẹ̀, nítorí iwájú ló fi ń da jìnnìjìnnì boni. Lára Ford F-250 ti ọdún 2017, ọ̀pá méjì tó fẹ̀ gbàgàdà, tó nípọn, tó sì ń dán gbinrin, ló dábùú láti iná ọ̀tún dé iná òsì, àmì Ford aláwọ̀ búlúù sì jókòó sáàárín wọn. Lókè wọn ni bọ́nẹ́ẹ̀tì yọrí sí, wọ́n tẹ SUPER DUTY sí etí rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá, etí náà sì ga débi pé àyà àgbàlagbà ọkùnrin ló ń kàn.

Ẹ rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fi èékánná kàn án, ohùn tó máa fọ̀ fúyẹ́, ó gbẹ, kò bá títóbi tí ojú ń rí mu rárá, nítorí alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ láti ọdún 2017 yẹn. Jígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ jáde gan-an, torí ẹni tó ń fa ẹṣin tàbí màlúù lẹ́yìn gbọ́dọ̀ rí ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ṣáná sí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ oní lítà 6.7, kò ké, kíkùn ló ń kùn, kùùkùùkùù, kíkùn náà a sì gba ilẹ̀ wọ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó dúró tì í. Ibi ìkẹ́rù ẹ̀yìn ti họ yánnayànna níbi tí wọ́n ti wọ́ bíríkì àti páìpù. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń kọ́ ọkọ̀ àfàlẹ́yìn wà, gírísì dúdú yí i lára, orí rẹ̀ nìkan ló ń kọ mànà níbi tí irin ti ń ha irin.

Ṣùgbọ́n abẹ́ iwájú ọkọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ nà gbalaja sílẹ̀, kí ẹ tanná sí i. Irin kan ṣoṣo, gìrìwò, ló lọ tààrà láti táyà ọ̀tún dé ti òsì, ikùn rẹ̀ sì wú roboto lápá ibi tí awakọ̀ jókòó sí. Sípíríìnì méjì tó ká bìrìkìtì dúró lé e lórí. Táì rọ́ọ̀dù, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá ìdarí tó ń yí táyà, nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì kékeré kan sì rọ̀ mọ́ àwọn ọ̀pá ìdarí náà, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa pa gbígbọ̀n lẹ́nu mọ́. Bó bá ti ń gbó, òróró a máa sun lọ́rùn rẹ̀, eruku a lẹ̀ mọ́ òróró náà títí yóò fi di èépá aláwọ̀ eérú. Ọ̀pá mìíràn tún wà, ó nípọn, ó tẹ̀ díẹ̀, ìkángun rẹ̀ kan dè mọ́ férémù, èkejì dè mọ́ irin ńlá yẹn. Òun ni kì í jẹ́ kí irin náà yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì lábẹ́ ọkọ̀.

Rọ́bà kan há sójú ìkángun ọ̀pá náà, búṣìn ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Kò kún àtẹ́lẹwọ́. Tuntun rẹ̀ dúdú mirinmirin, ó le, ó kún inú òrùka irin rẹ̀ dọ́gbadọ́gba, bóòtù sì gba àárín gbùngbùn rẹ̀ kọjá. Èyí tó ti gbó ti sán, ó ti hunjọ, ó gan bíi pọ̀nmọ́ tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Ihò àárín rẹ̀ kò rí roboto mọ́, ó ti fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìlà tóóró sì ti là láàárín rọ́bà àti irin, níbi tí ìpata pupa lẹ́búlẹ́bú ti ń yọ jáde. Èékánná lè wọ inú ìlà náà. Àyè tó gba èékánná ti tó.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà máa sáré 60 máìlì ní wákàtí kan lójú títì márosẹ̀. Táyà gba orí ìsopọ̀ afárá kọjá, gbì. Tòsì fà, tọ̀tún tẹ̀lé e, wọ́n padà, wọ́n tún lọ, kí ojú tó ṣẹ́ wọ́n ti ń jà sọ́tùn-ún sósì kíkankíkan, irin ńlá abẹ́ ń jó, sítíárìn ń já mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́, apá rẹ̀ ń gbọ̀n dé èjìká, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn di méjì nínú jígí, ó di mẹ́ta, ó di àwọ̀ lásán. Kọ́ọ̀bù kọfí fò kúrò nínú ihò rẹ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù ń han, férémù ń dún gbàgàgbàgà. Bíréèkì nìkan ló kù, láàárín àwọn ọkọ̀ tó ń sáré lọ́tùn-ún lósì, títí eré yóò fi wálẹ̀ gan-an, tí gbígbọ̀n náà yóò fi rọlẹ̀, jìgìjìgì, jìgì, tí ọkọ̀ yóò sì tún máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìgbọ̀nrìrì ikú ni àwọn tó ni ọkọ̀ ń pè é. NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀, ni wọ́n ń fẹjọ́ sùn. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ gbẹ: àmì ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, iye máìlì, iye eré, ṣé ọkọ̀ kọlu nǹkan, ṣé iná sọ, ṣé ẹnikẹ́ni fara pa. Ibi tí wọ́n ní kí wọ́n ti ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ ti ń wú. Òǹkọ̀wé kọ́ ni wọ́n. Kọ́lékọ́lé ni, ẹni tó ń fa ẹṣin ni, ẹni tó kó ìyàwó àtọmọ sẹ́yìn ni. Síbẹ̀ mo gbóríyìn fún wọn, torí ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni wọ́n ń kọ: ibi tí títì ti gbún, bí sítíárìn ṣe já gbà, ohun tí ẹni tó ta ọkọ̀ fún wọn sọ nígbà tí wọ́n gbé e padà lọ.

Ní 2019, àwọn kan lára wọn gbé Ford lọ sílé ẹjọ́ ní California lórí F-250 àti F-350 ti ọdún 2005 sí 2019. Ford nìkan kọ́. Ní 2013, Chrysler pe àwọn ọkọ̀ rẹ̀, Ram 2500 àti 3500, tó pọ̀ rẹpẹtẹ padà nítorí táì rọ́ọ̀dù. Nígbà tó di oṣù Keje 2015, NHTSA bu ìtanràn $105 mílíọ̀nù lé Fiat Chrysler, ohun tí Chrysler ti di nígbà náà, lórí bó ṣe fọwọ́ yẹpẹrẹ mú pípe ọkọ̀ padà, ó sì ní kó ra àwọn Ram kan padà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Ní tèmi, bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, kéèyàn pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì kékeré tó rọ̀ mọ́ ọ̀pá ìdarí nìkan, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Rọ́bà tó sán ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ fẹ́ ra àlòkù rẹ̀, kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí táyà wà nílẹ̀, kí ẹnì kan ṣáná sí i, kó máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀yin tẹjú mọ́ ìkángun ọ̀pá tí búṣìn wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó ń sún lójú ihò rẹ̀, ẹ má sanwó títí wọn yóò fi tún un ṣe. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti rà á, tó ti gbọ̀n mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí NHTSA lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀fẹ́ ni.