Ìdọ̀tí Tí Kì í Wọ Fótò

Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà wá bá mi láyé ọjọ́un, ẹjọ́ méjì ló sábà máa ń rò: kò wáìǹdì mọ́, tàbí nǹkan kan wà lójú rẹ̀. Ti wáìǹdì, iṣẹ́ ni. Ti ojú, àlàyé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìdọ̀tí tí ẹ ń rí nígbà tí ẹ bá ń yọjú wo ihò kámẹ́rà kì í wọ inú fótò, torí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà dé ojú yín kọ́ ló ń gbà dé ara fíìmù. Ta ni yóò gbà? Onífótò tó ń rí àmì dúdú níwájú imú ìyàwó ti gbà pé àmì náà á bá ìyàwó dé inú áábọ̀ọ̀mù.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Mọ́kọ́lá, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Yashica-Mat ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn onífótò nígbà náà, kámẹ́rà olójú méjì: a ń fi ojú òkè wò, ti ìsàlẹ̀ ló ń ya fótò. Onífótò á gbé e sáyà, á tẹrí ba, á máa wo gíláàsì rẹ̀ láti òkè, ọ̀tún ti di òsì, òsì ti di ọ̀tún. Ìdérí tó bo gíláàsì yẹn lókè ń là sílẹ̀ gbayawu, bí ọyẹ́ bá sì ti dé, inú ibẹ̀ ni eruku ń sùn. Ọ̀gá mi á tú súkúrú wẹ́wẹ́ tó de ìdérí náà, á gbé gíláàsì kúrò, dígí á yọ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń jágbe mọ́ mi pé kí n kówọ́ kúrò. Dígí ilé, ẹ̀yìn gíláàsì ni fàdákà rẹ̀ wà. Ti kámẹ́rà, iwájú gan-an ló wà, ìhòòhò. Ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ ti họ ọ́ nìyẹn. Onífótò kan gbé tirẹ̀ wá nígbà kan, ó ti fi háńkáṣíìfù nù ún títí fàdákà fi tán lára rẹ̀, ó wá ń bi wá pé kí ló dé tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn.

Rọ́bà kékeré tí àwọn ìyá fi ń fa ikun imú ọmọ jòjòló ni ọ̀gá mi fi ń fẹ́ eruku. Kì í fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. A ó dojú kámẹ́rà kọlẹ̀, a ó máa fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀, kí ohun tó bá ṣí kúrò lè jábọ́ síta.

Owó Údójì, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde ní 1975, òṣìṣẹ́ ìjọba náà di oníkámẹ́rà. Nígbà tí àjọ̀dún àṣà FESTAC fi máa dé ní 1977, èyí tí a ń gbé sójú ti gba ìgboro. Pentax K1000, tó jáde ní 1976 tí wọn ò sì ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ títí di 1997, ni mo tún ṣe jù láyé mi. Dígí tirẹ̀ ń fò sókè bí a bá tẹ̀ ẹ́. Lókè dígí ni ike pẹlẹbẹ kan wà tí àwòrán ń bà lé. Lókè ike ni gíláàsì onígun tó ń dá ọ̀tún padà sí ọ̀tún. Kí dígí má bàa máa gbá mọ́ irin, wọ́n lẹ fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ síbi tó ń fò dé. Fóòmù yẹn ni ọ̀tá ilé. Bó bá ti pẹ́ nínú ooru tiwa yìí, á yọ́ bí ọ̀dà, á máa já wẹ́wẹ́ sórí ike.

Kí n tó mú irin kankan, mo máa ń wò ó ná. Àmì tó bá hàn kedere, ara ike ló wà. Èyí tó bá ṣe bàìbàì, ẹ wá a sí gíláàsì ẹ̀yìn tí ojú ń sún mọ́. Eruku ara dígí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn rárá, òun sì ni gbogbo ayé kọ́kọ́ ń nù. Bí mo bá fẹ́ ẹ tí àmì ò mira, àárín ike àti gíláàsì onígun ló há sí, àfi kí n ṣí orí kámẹ́rà. Mo máa ń bi olówó rẹ̀ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe Nikon F ní 1959 ro tiwa: ọwọ́ lásán lẹ fi ń yọ orí rẹ̀. Olympus OM-1 náà dáa, ike rẹ̀ ń gba ẹnu ibi tí lẹ́ǹsì ń wọ̀ jáde. Omi tútù àti ọṣẹ olómi díẹ̀ ni mo fi ń fọ ike, n kì í ra á, torí ìlà wẹ́wẹ́ ló kún ojú rẹ̀. Sípíríìtì kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Báàgì aláwọ tí àwọn èèyàn fi ń ṣe fáàrí, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń gba ọ̀rinrin pamọ́, kámẹ́rà á bu nínú rẹ̀, fọ́nrán funfun á máa ta ẹ̀ka lára gíláàsì. Àwọn kan wá ń ri kámẹ́rà mọ́ ìrẹsì kí ó lè fa ọ̀rinrin náà. Ìrẹsì tó ní ìyẹ̀fun lára!

Kámẹ́rà òde òní ló wá yí ọ̀rọ̀ po. Fíìmù máa ń kọjá lọ ni, eruku tó bá bà lé e á bá a lọ. Ohun tó gba ipò fíìmù lónìí kì í kúrò lójú kan: eruku tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ò ní rí i bí ẹ ṣe ń yọjú wò, gbogbo fótò yín ni yóò sì wà, pàápàá lójú ọ̀run. Ìbẹ̀rù yìí làwọn ọmọ ìwòyí tó ń ra K1000 àgbà ń gbé wá bá mi. Mo ní kí ọ̀kan lọ ya fíìmù kan tán ná. Ó padà dé pẹ̀lú fótò mọ́nránmọ́nrán lọ́wọ́.

"Bàbá, kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ṣáà bá mi yọ ọ́."

Mo dárúkọ owó, ó ní ó pọ̀ jù.