Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ lẹ́nu, ìwé ìrìnnà ni wọ́n ń wò: Bí iṣẹ́ tíṣà ṣe rí ní Bangkok

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù ní pápákọ̀ òfurufú Suvarnabhumi, nílùú Bangkok, kó yáa tún aago ọwọ́ rẹ̀ ṣe, torí wákàtí 6 ni Thailand fi ṣáájú Nàìjíríà. Ohun tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí ọmọ Èkó. Ooru ibẹ̀ á kí i káàbọ̀ bíi ti Òṣòdì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ọ̀kadà náà sì pọ̀ bí eṣú, àfi pé ẹ̀wù àwọ̀ ọsàn làwọn ọlọ́kadà tiwọn máa ń wọ̀. Ní ti ata, ẹni tó ń fi ata rodo yangàn nílé máa dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti kúrò ládùúgbò Sukhumvit táwọn àlejò pọ̀ sí, tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sáàárín àwọn onílé, yóò rí i pé Gẹ̀ẹ́sì tó gbé dání látilé ti di ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ ò pọ̀ mọ́.

Ibẹ̀ yẹn gan-an loúnjẹ àwọn kan wà. Òyìnbó kankan ò fi Thailand ṣe ilẹ̀ àmúsìn rí, wọn ò sì fi èdè òyìnbó ṣèjọba bíi tiwa. Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé ẹgba ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, owó gidi làwọn òbí ibẹ̀ ń san kọ́mọ wọn tó lè sọ ọ́. Ilé-ìwé tí tíṣà àlejò bá ń kọ́ ọmọ níbẹ̀, òbí á máa tò síbẹ̀. Kódà, àwọn ilé-ìwé kan wà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, owó ilé-ìwé ibẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí táwọn yòókù.

Ṣé iṣẹ́ wá wà fún ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀? Ó wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní abẹ́nú, òun la sì fẹ́ tú wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn tó ti tìlẹ̀kùn. Ní South Korea, físà tí wọ́n ń pè ní E-2 ni tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ń gbà, orílẹ̀-èdè 7 péré ni wọ́n sì ń fún un: Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti South Africa. Ẹ ò rí Nàìjíríà níbẹ̀, ẹ ò sì rí Gánà. Ṣáínà náà kò yàtọ̀ púpọ̀, orílẹ̀-èdè wọ̀nyí kan náà ni wọ́n ń wá, nígbà tó sì di ọdún 2021, ìjọba wọn tún gbógun ti àwọn iléeṣẹ́ lẹ́sìnnì tó ń gba tíṣà jù. Ìyẹn ni pé ọmọ tó parí ní yunifásítì Ìbàdàn, tó ka ìwé Shakespeare láti páálí dé páálí, kò lè kọ́ ọmọ Korea ní ABC lábẹ́ físà yẹn.

Thailand kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí ọmọ Cameroon, ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Gánà tí wọ́n dúró níwájú bọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ohun tí òfin ò wá kọ, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń kọ ọ́ fúnra wọn. Ìpolówó iṣẹ́ lóríṣiríṣi ló ń bẹ tó jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì làwọn ń fẹ́, lójú tiwọn, orílẹ̀-èdè 7 tá a dárúkọ lókè yẹn nìkan ni wọ́n ti ń bí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tún ní kéèyàn fi fọ́tò ránṣẹ́. Kí ni fọ́tò fẹ́ sọ nípa gírámà? Gbogbo ayé mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi fọ́tò wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nílùú Bangkok láti ìjọ́un, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Leonowens ni. Ọdún 1862 ló dé ààfin ọba Mongkut, ó kọ́ àwọn ọmọ ọba àtàwọn ìyàwó ọba ní Gẹ̀ẹ́sì títí di ọdún 1867. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó kọ ìwé nípa ohun tó rí láàfin, ìtàn rẹ̀ ni wọ́n sì padà sọ di eré orí ìtàgé àti fíìmù The King and I, èyí tí ìjọba Thailand fòfin dè, tí wọ́n ní ó fàbùkù kan ọba àwọn. Ohun tí Anna sọ fáyé nípa ara rẹ̀ ni pé ìlú Wales ni wọ́n ti bí òun, àti pé ọ̀gá ṣọ́jà lọkọ òun tó kú. Ìgbà táwọn tó ń tọpinpin ìtàn wá a dé gbòǹgbò ni wọ́n rí i pé Íńdíà ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1831, pé akọ̀wé lásán lọkọ rẹ̀, àfàìmọ̀ sì ni kò jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ Íńdíà wà lára ìyá-ìyá rẹ̀. Kí ló dé tó fi purọ́? Ó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni owó tíṣà tó wá láti Bìrìtìkó, ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí wọ́n bí ní Íńdíà, ìbáà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn ọdún tó lé ní 150, ìbéèrè ọ̀hún ṣì ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ Nàìjíríà ò sì lè ṣe bíi Anna, torí ìwé ìrìnnà ọwọ́ rẹ̀ aláwọ̀ ewé ti sọ ibi tó ti wá kó tó lanu. Ìwé ló máa fi jà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni dìgírì yunifásítì, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì, ojúlówó ni, pẹ̀lú transcript, ìwé tó fi hàn pé ọlọ́pàá ò wá a, àti káàdì ibà pọ́njú. Àwọn tó gba HND kó fetí sílẹ̀ dáadáa o: ìjà tí wọ́n ń bá yunifásítì jà nílé kò parí sí Murtala Muhammed, ó ń tẹ̀ lé wọn wọ bàálù. Bachelor's degree ni òfin ibẹ̀ mọ̀, tíṣà tó bá gbé HND lọ á ṣàlàyé títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò TOEIC. 990 ni máàkì rẹ̀, 600 sì ni wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò kà mọ́ ọmọ onílé Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó gba A1 nínú WAEC yóò jókòó ṣe ìdánwò láti fi hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dun èèyàn, ṣùgbọ́n kó ṣe é kíá kó jàre, ìwé náà ń la ọ̀nà ju àríyànjiyàn lọ.

Ibi tọ́rọ̀ ti ń di ẹkún ni ọ̀dọ̀ ejẹ́ǹtì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: ejẹ́ǹtì á ní iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, kéèyàn ṣáà san owó, físà àbẹ̀wò lòun máa fi gbé e wọlé, ìyókù á yanjú tó bá débẹ̀. Físà àbẹ̀wò kì í ṣe físà iṣẹ́. Èyí tó tọ́ ni Non-Immigrant B, ilé-ìwé tó fẹ́ gbani síṣẹ́ ló sì máa ń kọ ìwé tí ẹ́ḿbásì á fi fúnni, ọjọ́ 90 ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un. Láàárín ọjọ́ yẹn, ilé-ìwé á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún un, á sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ Khurusapha, ìyẹn àjọ tí òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀ láti máa darí àwọn tíṣà. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fún un lọ́dún kan. Tí ejẹ́ǹtì ò bá lè dárúkọ ilé-ìwé, tí ilé-ìwé náà ò sì kọ lẹ́tà, kò síṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá mú tó ń kọ́ ọmọ láìní ìwé àṣẹ, owó ìtanràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 5,000 báàtì dé 50,000, wọ́n á sì dá a padà sílé. Tí físà rẹ̀ bá ti kú, 500 báàtì ni lójúmọ́ títí yóò fi pé 20,000. Èyí tó bani lẹ́rù jù ni pé ẹni tí wọ́n fúnra wọn mú, tí físà rẹ̀ ò tíì kú tó ọdún kan, ọdún 5 ni kò fi ní í wọ Thailand mọ́. Tó bá ti lé lọ́dún kan, ó di ọdún 10. Àtìmọ́lé àwọn ìmígíréṣọ̀n wà ní Suan Phlu, láàárín Bangkok níbẹ̀. Ẹni tó bá wọbẹ̀, òun tàbí àwọn ará ilé rẹ̀ ló máa wá owó bàálù tó máa gbé e padà. Ilẹ̀ tí wọ́n tà ránṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á tún wá òmíràn tà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé, iṣẹ́ náà ní adùn tirẹ̀, pàápàá tí kò bá dúró sí Bangkok. Ìlà-oòrùn àríwá tí wọ́n ń pè ní Isan, níbi tí Khon Kaen àti Udon Thani wà, kò fi bẹ́ẹ̀ rí tíṣà àlejò tó bí olú-ìlú ṣe ń rí wọn, ojú tí wọ́n fi ń wo fọ́tò níbẹ̀ sì máa ń rọ̀ díẹ̀. Aago 8 àárọ̀, orin orílẹ̀-èdè á dún, gbogbo ọmọ á tò sórí pápá. Nínú kíláàsì, ọmọ 40 sí 50 lè wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ eré, wọ́n fẹ́ orin, tíṣà tí kò bá lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n á sùn fún un. Ẹgba kò sí níbẹ̀ o, òfin wọn ti kà á léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí tíṣà má fọwọ́ kan orí ọmọ, orí kì í ṣe ohun àfọwọ́bà lọ́dọ̀ wọn.

Níbi tọ́mọ Yorùbá ti borí òyìnbó ni ti ohùn. Èdè Thai ní ohùn 5, tiwa ní 3. Khao kan náà ni ìrẹsì, òun náà ni funfun, òun náà ni ìròyìn, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí igba, ìgbà àti igbá ṣe rí lẹ́nu wa. Òyìnbó lè wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kó ṣì máa béèrè ìròyìn lọ́wọ́ olóúnjẹ. Etí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tètè ń mú un, ìgbà tí tíṣà bá sì ti ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lédè wọn, àwọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ lójú wọn.

Tó bá wá di Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù June, wọ́n á ṣe Wai Khru, ìyẹn ọjọ́ ìjúbà olùkọ́. Àwọn ọmọ á fi orúnkún rìn wá síwájú tíṣà, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á gbé òdòdó fún un, àti àlejò àti onílé. Ọmọ Yorùbá tó bá jókòó sórí àga níbẹ̀, tí ọmọ ẹlòmíràn ń kúnlẹ̀ fún un, kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ ìyẹn fún un.

Ní ti owó, tíṣà tí wọ́n kà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè 7 yẹn máa ń gbà tó 35,000 sí 40,000 báàtì lóṣù. Àwọn ọmọ Philippines, tí wọ́n pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, máa ń gba ohun tó kéré sí i, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà sì sábà máa ń bọ́ sáàárín, nínú ilé-ìwé kan náà, fún wákàtí kan náà. Kẹ́ni tó ń lọ béèrè bóyá kọ́ńtíráàtì rẹ̀ jẹ́ oṣù 10 tàbí 12, torí oṣù March ni ilé-ìwé ń parí, àárín May ni wọ́n sì ń wọlé. Lọ́dún 2020 tí Kòrónà dé, ọjọ́ kìíní oṣù July ni wọ́n tó wọlé. Ẹni tí kọ́ńtíráàtì tirẹ̀ jẹ́ oṣù 10, kò sí oṣù fún un láti March.

Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, orúkọ ilé-ìwé ló so mọ́ ìwé ìgbéèlú ọ̀hún. Ọjọ́ tíṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ náà ni àṣẹ rẹ̀ dópin. Ó lè lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, kó san 1,900 báàtì, wọ́n á fún un ní ọjọ́ 7 láti palẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn táwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ kì í fi fìwé iṣẹ́ sílẹ̀ láì jẹ́ pé lẹ́tà ilé-ìwé mìíràn ti wà nínú àpò wọn.