Omi tí a ní, omi tí à ń mu

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi tí mò ń pe ara mi ní ọmọ Yorùbá tó gbédè ṣe fi Yorùbá ba iṣẹ́ jẹ́. Ó gùn díẹ̀ o. Ẹni tí àmàlà rẹ̀ bá wà lórí iná, kó lọ ro ó kó tó padà wá.

Ọdún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni. Kò sí iṣẹ́. Fídíò tí mò ń ṣe nígbà náà, àwọn ọ̀rẹ́ mi àti àǹtí mi kan ní Ìlọrin nìkan ló ń wò ó. Ẹnì kan wá fi ìkéde kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: wọ́n ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí wọ́n máa lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n bi àwọn èèyàn léèrè nípa omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọjọ́ méjìlá. Owó ọkọ̀ lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Wọ́n fún wa ní tablet kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ò tíì parí tí mo ti ya selfie pẹ̀lú tèmi.

Mi ò ní dárúkọ àwọn tó gbà wá síṣẹ́, mi ò sì ní dárúkọ abúlé náà. Òkè-Ògùn ni, ìyẹn ti tó.

Ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí gbogbo wàhálà náà wà fún. Ní oṣù September 2015, àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àfojúsùn 17 tí wọ́n fẹ́ lé bá títí di 2030. Ìkẹfà ni ti omi àti ìmọ́tótó. Abẹ́ ìkẹfà yẹn nìkan, òṣùwọ̀n 11 ló wà níbẹ̀: omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi ìdọ̀tí, bí odò ṣe mọ́ tó, títí dórí bí àwọn orílẹ̀-èdè tí odò kan náà gba ilẹ̀ wọn kọjá ṣe ń bára wọn ṣe àdéhùn. Omi tún yọjú lábẹ́ ìkẹta, níbi tí wọ́n ti ń ka àwọn tí omi àìmọ́ pa. Ó tún yọjú lábẹ́ ìkẹrin, níbi tí wọ́n ti ń ka ilé ẹ̀kọ́ tó ní omi. WHO àti UNICEF ló ń bójú tó òṣùwọ̀n omi mímu, iṣẹ́ àjọṣe tí wọ́n ti ń ṣe láti 1990, JMP ni wọ́n ń pè é. FAO ń wo bí omi tí à ń fà lò ṣe pọ̀ tó sí èyí tó wà nílẹ̀. UNEP ń wo odò àti adágún. UN-Water wá ń so gbogbo wọn pọ̀, kí orílẹ̀-èdè má baà máa ka ohun kan náà lọ́nà mẹ́jọ, kí ẹnì kan má sì rí i so pọ̀ mọ́ra.

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó kàn mí. Kò sí ẹni tó ń wá láti Geneva wá kan ilẹ̀kùn ní Òkè-Ògùn. Ìwádìí tí orílẹ̀-èdè ṣe nílé ara rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n ń ṣírò. Nígbà tí ẹ bá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún àwa ará Nàìjíríà ló ní omi tó dára, ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ máa bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tí oòrùn ń pa, tí ebi ń pa, tó ń fi ìka tẹ tablet.

Ìbéèrè inú tablet, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ wa ní, “Ẹ máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, ṣebí Yorùbá ni yín.” A rẹ́rìn-ín. Ó kọjá.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ń fẹ́ mọ ibi tí omi tí àwọn ará ilé ń mu jù lọ ti ń wá. Èmi ọmọ Yorùbá gidi, mo jókòó, mo túmọ̀ rẹ̀ báyìí: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni orísun omi mímu tí ẹ ní?” Orísun o! Mo gbádùn ọ̀rọ̀ náà débi pé mo ń fi í dánra wò nínú ọkọ̀. Bàbá kan tiẹ̀ bi mí pé, “Orísun? Ṣé ti tẹlifíṣọ̀n?”

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lábúlé yẹn, ilé mẹ́sàn-án ni mo wọ̀. Ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ló fún mi lésì kan náà: kànga dẹ̀rọ̀ ni. Mo sì ti rí i. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní táǹkì lórí, ó ní ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin, wọ́n kun ún ní búlúù, orúkọ Ọnọrébù tó gbẹ́ ẹ tóbi lára rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ “omi” lọ. Kò jìnnà sílé ẹnikẹ́ni, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ: kànga dẹ̀rọ̀, kànga dẹ̀rọ̀, kànga dẹ̀rọ̀. Inú mi dùn pé iṣẹ́ ń yá.

Ilé kẹwàá ni ti ìyá àgbà kan. Mo kúnlẹ̀, “Ẹ kúulé mà.” “Káàbọ̀, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́?” Kí n tó sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ tán, ìyá ti ké sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kó bu omi fún àlejò. Ọmọ náà lọ ṣí àmù, ó bu omi wá nínú kọ́ọ̀bù. Àwọ̀ omi yẹn dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀wà.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ká má gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń wojú rẹ? Mo kan ẹnu mi sí i. Mo wá bi í, láìwo tablet rárá: “Ìyá, níbo lẹ ti pọn omi yìí?”

“Odò ni.”

“Kànga dẹ̀rọ̀ ńkọ́, mà?”

“Kànga? Àtìgbà tí a ti wa iṣu ọdún tó kọjá ni wọ́n ti jí sólà orí rẹ̀ gbé. Ẹ̀kán omi kan ò jáde níbẹ̀ mọ́.”

“Ṣùgbọ́n mà, gbogbo àwọn tí mo bi léèrè ló ní ẹ ní kànga.”

Ìyá wò mí bíi pé orí mi ò pé. “Ṣé a ò ní i ni? Òun ló dúró lọ́hùn-ún yẹn.”

Ara mi tutù. Àwọn èèyàn yìí ò purọ́ fún mi. Ohun tí wọ́n ní ni mo bi wọ́n, ohun tí wọ́n ní ni wọ́n sọ. Tablet ń béèrè ohun tí wọ́n ń mu.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí èyí fi burú. Ṣáájú 2015, irú ibi tí omi ti ń wá nìkan ni wọ́n ń kà. Tó bá ti jẹ́ ẹ̀rọ tàbí kànga dẹ̀rọ̀ tàbí kànga tí wọ́n bò dáadáa, o ti yege. Ní March 2012 ni WHO àti UNICEF kéde pé ayé ti bá àfojúsùn omi mímu, pé láti 2010 ni ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ti ń lo irú omi bẹ́ẹ̀. Ijó ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ibì kankan nínú ìṣirò yẹn tí wọ́n ti yẹ omi náà gan-an wò.

Ti àkókò yìí le ju ìyẹn lọ. Àtẹ̀gùn márùn-ún ni. Odò àti adágún ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kó o tó dé òkè, omi rẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà ilé rẹ, ó gbọ́dọ̀ wà nígbà tó o bá nílò rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ìgbẹ́, arsenic tàbí fluoride tó lè ṣeni léṣe nínú rẹ̀. Tí orílẹ̀-èdè bá ní iye fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó kéré jù ni JMP máa ń mú. Mo fẹ́ràn ìyẹn, mi ò parọ́. Kò sáyè àtiyangàn. Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí, àwọn tí kò tíì dé òkè lágbàáyé ní 2022 tó bílíọ̀nù 2.2.

Ṣùgbọ́n gbogbo àtẹ̀gùn yẹn, orí ìbéèrè àkọ́kọ́ ló dúró lé. Kànga dẹ̀rọ̀ tí èèyàn lè lọ pọn kó sì padà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àtẹ̀gùn kẹrin nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní basic. Ìka mi ló gbé ilé mẹ́sàn-án láti odò dé orí àtẹ̀gùn kẹrin. Nínú ìwé, abúlé yẹn kò nílò nǹkan kan mọ́. Tí ẹnì kan bá jókòó ní Àbújá tó ń wá ibi tí wọ́n máa tún kànga ṣe, kò ní rí wọn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe màmá mi n'Ìbàdàn. Mo fi ìbéèrè mi dán wọn wò. “Mọ́mì, kí ni orísun omi mímu tí a ní?” Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: “Ẹ̀rọ kẹ̀.” Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rọ ilé wa! JSS2 ni mo wà nígbà tí omi jáde níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn àbúrò mi máa ń so okùn aṣọ mọ́ ọn. Mo ní, “Mọ́mì, omi tí ẹ mu láàárọ̀ yìí ńkọ́?” “Píọ̀ wọ́tà. Kí ló dé? Kí ló ń ṣe ẹ́?”

Mo lọ bá ọ̀gá wa. Kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó kàn béèrè iye tí mo ti fi ránṣẹ́. Mẹ́rin ti lọ, márùn-ún ṣì wà lórí tablet. Ó pe àwọn tó ń gba ìwádìí náà, wọ́n ní àwọn lè dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sórí tablet mi kí n lọ tún un ṣe. Mo dúpẹ́. Ó wá bi àwọn tó kù: “Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń bi wọ́n?”

Àwa méje la wà níbẹ̀. Títúmọ̀ ọ̀nà méje. Ọ̀kan ní, “Omi wo lẹ ń lò?” Ìyẹn lè jẹ́ omi ìfọṣọ. Ọ̀kan ní, “Ṣé omi wà ládùúgbò yín?” Ìyẹn kì í tiẹ̀ ṣe ìbéèrè yẹn. Ọ̀kan ò sọ̀rọ̀ rárá, ó ń wo ilẹ̀. Abúlé mẹ́ta la ti ṣe kọjá ká tó dé ibẹ̀. A ò padà sí ọ̀kankan nínú wọn. Owó ọkọ̀ ò sí, ọjọ́ ò sí. Títí di òní, mi ò mọ iye kànga tí kò pọnmi tó wà nínú ohun tí a fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀.

Alẹ́ yẹn náà la jókòó kọ ìbéèrè kan sínú ìwé, a ya á ní fọ́tò, a fi sórí group: “Omi tó wà nínú àmù tàbí kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ń mu báyìí, níbo lẹ ti pọn ọ́n? Ṣé ibẹ̀ náà lẹ ti máa ń pọnmi mímu jù?” A fi èkejì kún un nítorí òjò. Tí o bá béèrè nínú oṣù keje, gbogbo Òkè-Ògùn ló ń mu omi òjò. Ó gba wákàtí kan àtààbọ̀ pẹ̀lú àríyànjiyàn. Iṣẹ́ tó yẹ kí àwọn tó gbà wá ṣe fún wa kó tó di pé a wọ ọkọ̀ nìyẹn, mo ṣì ń bínú sí i.

Ẹnì kan wà nínú wa tó ń yẹ omi wò. Ó máa ń fa omi díẹ̀ gba inú asẹ́ tín-ín-rín kan, á gbé asẹ́ náà sórí àwo kékeré, á jẹ́ kó wà nínú ooru fún ọjọ́ kan. Tí àmì búlúù bá yọ, kòkòrò inú ìgbẹ́ ti wọnú omi nìyẹn. Ó ti gba omi nílé ìyá yẹn. Nígbà tó yá, ó gbé àwo náà sí iwájú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo dé ogójì, mo fi í sílẹ̀. Mo rántí pé mo ti kan ẹnu sí omi yẹn. Mo tún wá rántí ọmọ tó bù ú wá fún mi.

Ọjọ́ kejì mo padà sí ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Mẹ́fà, odò. Méjì, kànga tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan, píọ̀ wọ́tà tí ọmọ wọn ń fi ọ̀kadà gbé wá láti ìlú. Kànga dẹ̀rọ̀, òdo.

Ilé tó kẹ́yìn, ìyá ọlọ́mọ kan ni, kò jù mí lọ púpọ̀, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó dá mi lóhùn, mo sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó bá di ọwọ́ mi mú.

“Àǹtí, tí ẹ bá kọ odò, ṣé Ọnọrébù ò ní gbọ́ pé àwa la sọ ọ́? Ìdìbò ń bọ̀. Wọ́n á ní aláìmoore ni wá.”

Mo sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n kọ́ wa láti sọ nìyẹn, òótọ́ sì ni. Kò jẹ́ kí ọwọ́ mi lọ.

“Tí ẹ bá wá kọ kànga, ṣé wọ́n á tún un ṣe?”

“Rárá. Wọ́n á rò pé ó ń ṣiṣẹ́.”

Ó yí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó wo ọ̀nà ibi tí kànga búlúù yẹn wà.

“Ẹ kọ odò,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ náà pé a dúpẹ́.”

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ìyẹn nínú tablet. Mo tẹ odò.