Ìwé Tí Wọ́n Kó Pamọ́ ní Brixton

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dé Brixton, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó kan gbàgede tí wọ́n ń pè ní Windrush Square. Ọjà wà nítòsí rẹ̀ tí a ti ń rí iṣu àti ata rodo rà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà ni a bá lọ. Ilé kan wà létí gbàgede náà, Black Cultural Archives ni orúkọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó ìwé àti ìtàn àwọn adúláwọ̀ Ìlú Ọba pamọ́ sí.

Len Garrison, ọmọ Jàmáíkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1981. Ó ká wọn lára pé àwọn ọmọ adúláwọ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láìrí ìtàn àwọn baba wọn nínú ìwé tí a fi ń kọ́ wọn. Ní 2014 ni wọ́n kó dé ilé tí wọ́n wà yìí. Lẹ́tà, fọ́tò, ìwé ìròyìn àtijọ́ àti ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó kà wọ́n ní láti kọ̀wé ránṣẹ́ ṣáájú.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ Brixton? Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, ọdún 1948, ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush já àwọn èrò láti erékùṣù Kàríbíánì sílẹ̀ ní Tilbury. Àwọn tí kò ní ibùwọ̀, tí wọ́n lé ní 200, ni ìjọba fi sí ihò abẹ́ ilẹ̀ ní Clapham South, èyí tí wọ́n gbẹ́ nígbà ogun Hitler kí àwọn ènìyàn lè sá fún bọ́ǹbù. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wáṣẹ́ tí ó sún mọ́ wọn jù wà ní Coldharbour Lane, ní Brixton. Ibẹ̀ ni wọ́n lọ, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì gba yàrá sí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó jẹ́ kí a mọ ohun tí ìwé jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ bá ìwé ìrìnnà òbí wọn wọlé kí ọdún 1973 tó bẹ̀rẹ̀. Òfin fún wọn láṣẹ láti máa gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fún wọn ní ìwé kankan. Wọ́n dàgbà, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n san owó orí. Nígbà tí ó yá, ìjọba ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti lò. Ta ni ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, ilé ìwòsàn kọ àwọn mìíràn, wọ́n ti àwọn kan mọ́lé, wọ́n sì dá àwọn kan padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbàgbé. Ní 2018 ni ọ̀rọ̀ náà bú jáde, tí a sì gbọ́ pé káàdì tí àwọn èrò kọ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba ti bà á jẹ́ ní 2010.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Nàìjíríà náà. Ètò àtúnṣe tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 2018 wà fún ọmọ Nàìjíríà tí ó ti fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú 1973. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ilé yín gbọ́. Bákan náà, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew ní orúkọ àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi láti 1878 títí dé 1960. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ọkọ̀ Elder Dempster lọ láti Èkó sí Liverpool láyé ìgbà náà lè bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó dùn wá pé bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá kú, orí ààtàn ni àwọn ọmọ máa ń da àpótí ìwé rẹ̀ sí.

Ti Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, òun ni ó ṣáájú nínú àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925. Wọ́n pe ìwé ìròyìn wọn ní Wàsù, Yorùbá kankan kò sì nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Àwọn ìwé rẹ̀ ti padà wálé, wọ́n wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Èkó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ wa ṣe gbé ní Lọ́ńdọ̀nù láyé ìgbà náà, Akọka ni yóò lọ.