Aureol: Ilé Lórí Omi

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹni tí ó bá dúró ní Mazamaza lónìí, tírélà tí ń ru ẹrù bọ̀ láti Àpápá ni yóò máa rí. Ṣùgbọ́n láti èbúté Àpápá yìí náà ni ọkọ̀ Aureol ti ń kó tọkọtaya àti ọmọ lọ sí Liverpool láti 1951. Ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ló ni ín, Glasgow ni wọ́n ti kàn án, orúkọ òkè kan ní Freetown ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Èrò bí 350 ni ó ń gbà: olówó ní ipò kìn-ín-ní, mẹ̀kúnnù ní ipò kẹta. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, yàrá ìṣeré sì wà fún àwọn ọmọdé. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrìn àjò náà ń gbà.

Ọkọ̀ òfuurufú gba èrò mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ṣíwọ́ ní 1974. Ará Gíríìsì kan rà á, ó sọ ọ́ di Marianna VI, ó sì gbé e lọ sí Jẹ́dà, ẹnu ọ̀nà àwọn alálàájì, níbi tí ó ti di ilé ibùgbé. Ní 2001 wọ́n tú u palẹ̀ ní Íńdíà.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ìyá àgbà yín bá wọ̀ ọ́ rí, ẹ tètè bi wọ́n léèrè. Irin rẹ̀ ti lọ. Ìtàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e.