Láti Ìkẹjà dé Àgbádárìgì: Ẹ ti parí ọ̀rọ̀ mọ́tò kí bàálù tó balẹ̀ o!

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, àwọn èèyàn wa tó wà ní London, ní Houston àti ní Dublin a bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé. Wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ wá ṣọdún, wọ́n á ní ìgbà yìí o, àwọn ò fẹ́ ariwo Lẹkki, àwọn ò fẹ́ páàtì, etíkun tó tutù táwọn ọmọ ti lè sáré lórí yanrìn làwọn ń wá. Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, Àgbádárìgì ló máa ń bọ́ sí wọn lẹ́nu. Kò sì burú. Ìlú tí òkun wà níwájú ẹ̀, tí ọ̀sà là á láàárín, tí igi àgbọn pọ̀ níbẹ̀ lọ súà, ta ni ò ní fẹ́ ẹ? Ohun tí wọn kì í béèrè ni ọkọ̀ tó máa gbé wọn débẹ̀. Wọ́n á ní ṣebí Ìpínlẹ̀ Èkó náà ni. Èkó náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ojú ọ̀nà yẹn ò ní fẹ̀rín sọ ọ́.

Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Íkẹjà sí Àgbádárìgì, ó lé díẹ̀ ní 60 kìlómítà. Ẹ máa gba Òṣòdì bọ́ sí Mile 2, ẹ máa kọjá Volkswagen, Ìyànà-Ìbà, Òkòkòmáikò àti Ìjànìkìn, kẹ́ ẹ tó dé Agbára. Láti Agbára, ó tún kù. Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday táwọn èèyàn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, dẹ́rẹ́bà tó mọṣẹ́ lè fi wákàtí kan ààbọ̀ débẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Friday, wákàtí mẹ́rin lè má tó o, nítorí tẹ́ ẹ bá bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2, ti Ìyànà-Ìbà á ní kẹ́ ẹ máa bọ̀.

Ọ̀nà yìí gan-an ló ń dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Òun náà ló gba Àgbádárìgì kọjá dé Sẹ́mẹ̀ tí wọ́n ti ń wọ orílẹ̀-èdè Benin, tó sì so Èkó mọ́ Kútọnu, Lomé, Accra títí dé Abidjan. Láti ayé Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá nìjọba Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ apá tiwọn sí ọ̀nà mẹ́wàá, tí wọ́n ní rélùwéè máa gba àárín ẹ̀. Rélùwéè ọ̀hún, èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Line, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ṣùgbọ́n Marina sí Mile 2 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò sì gba ẹ́ápọ́ọ̀tù kọjá rárá, nítorí náà ẹni tó gbé àpótí mẹ́rin bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù ò lè fọkàn sí i. Apá tó lọ láti Agbára sí Sẹ́mẹ̀, tìjọba àpapọ̀ nìyẹn, ọdún 2018 ni wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀ fún kọngilá. Ẹni tó ti ń gbabẹ̀ láti ìgbà náà á sọ fún yín pé ibì kan á dán bíi dígí, ẹ ò sì ní tíì rẹ́rìn-ín tán tí ibòmíì á fi máa gbọn yín bí ìgbà tí wọ́n ń ku gàrí.

Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe mọ́tò téèyàn kàn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ́ápọ́ọ̀tù wọ̀ ni.

Ní ìparí ọdún 2024, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì nílùú ọba wálé pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ méjì. Ìgbà àkọ́kọ́ táwọn ọmọ náà máa tẹ ilẹ̀ yìí nìyẹn. Orúnkún ń yọ ìyá lẹ́nu, kò lè dúró pẹ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí ti bá dẹ́rẹ́bà kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní N60,000 ló máa gbà dé Àgbádárìgì. Aago méje alẹ́ ni bàálù balẹ̀, ó sì ti kọjá aago mẹ́jọ dáadáa kí ẹrù wọn tó jáde, ẹ sì mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí lásìkò ọdún. Mo ti wà níbẹ̀ tí mò ń dúró dè wọ́n. Mọ́tò tí dẹ́rẹ́bà gbé wá kọ́ ni wọ́n júwe fún wa, táyà ẹ̀yìn ẹ̀ kan sì ti pá bí orí àgbàlagbà. Ó kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù sínú búùtù, ó ti í gbà-à, ó wá yíjú sí ìyá.

"Màmá, ẹ má bínú o. Owó tá a jọ sọ yẹn, ti àlọ nìkan ni. Kò sí èrò tí mo fẹ́ rí gbé bọ̀ ní Àgbádárìgì lóru. Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ ọ́ di N110,000."

Ẹ̀gbọ́n mi wojú mi. Àwọn ọmọ ti ń tòògbé lórí àpótí. Àwọn géńdé mẹ́ta kan tá ò mọ̀ rí ti yọ sí wa, ọ̀kan lóun máa gbé wa ní N90,000, ọ̀kan ń bi wá bóyá a ní dọ́là láti ṣẹ́, ẹnì kẹta ti di ọwọ́ báàgì mú. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà ṣí búùtù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, mo ní kó ṣáà ṣí i ná. Nígbà tó rí i pé n kì í ṣeré, ó ṣí i. A kó ẹrù jáde, a wọ takisí lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan n'Íkẹjà níbẹ̀, a sì sùn. Inú àwọn ọmọ ò dùn, wọ́n ní òkun dà? Màmá ló fi bisikíìtì tù wọ́n nínú.

Kí n sọ òótọ́, irọ́ kọ́ ni dẹ́rẹ́bà yẹn pa. Ẹni tó bá gbé èrò láti Ìkẹjà lọ sí Àgbádárìgì lálẹ́, òfìfo ló máa bá bọ̀, epo tó sì máa jó nígbà tó bá ń bọ̀ kò kéré sí èyí tó jó nígbà tó ń lọ. Epo ọ̀hún náà rèé, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí ẹ̀ lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ó fò kúrò nísàlẹ̀ N200 fún lítà kan, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti ń rá pálá nítòsí N1,000. Ohun tó bí mi nínú ni pé ó mọ gbogbo èyí nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò wí. Ó fi í pamọ́ di ìgbà tí ẹrù ti wà nínú búùtù òun, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí ìyá ò lè dúró mọ́. Gbogbo ẹni tó bá ń bá yín dúnàá-dúrà ní ẹnu ọ̀nà tí èrò ń gbà jáde mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, ẹ ò sì níbi tẹ́ ẹ máa sá lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó ku ọ̀rọ̀ owó kankan tẹ́ ẹ máa sọ níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá ń pe dẹ́rẹ́bà, ẹ bi í léèrè pé: owó yìí, ṣé àbọ̀ yín wà nínú ẹ̀? Ta ló ń ra epo? Ta ló ń san owó géètì ẹ́ápọ́ọ̀tù àti ti ibi tẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò sí? Bí bàálù bá pẹ́ wákàtí mẹ́ta ńkọ́, ẹ máa dúró àbí ẹ máa gba owó mìíràn? Kó dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, tòun ti orúkọ ẹ̀, nọ́ńbà mọ́tò àti fọ́tò mọ́tò náà. Ẹni tó bá ń yẹra fún fọ́tò, ó ní ohun tó ń bò. Àsansílẹ̀ díẹ̀ ò burú, kóun náà lè mọ̀ pé òótọ́ lẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tó ìdajì owó. Kí ìyókù wà lọ́wọ́ yín títí tẹ́ ẹ fi máa rí ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ tún bi ẹni tó ń bọ̀ léèrè ilé tí bàálù ẹ̀ ti máa já èrò. Láti oṣù Kẹta ọdún 2022 ni wọ́n ti ṣí ilé tuntun ní Murtala Muhammed, ó sì lè má jẹ́ ojú kan náà ni gbogbo bàálù òkè òkun ti máa já èrò. Mo ti rí dẹ́rẹ́bà tó gbé káàdì orúkọ dúró fún wákàtí méjì lápá ọ̀hún, nígbà tí ẹni tó ń retí jókòó sórí àpótí lápá ibí, tónìkálùkù sì ń bínú síra wọn lórí fóònù.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní kí la ń dà láàmú sí, ṣebí Uber àti Bolt wà. Wọ́n wà, wọ́n sì wúlò fún àárín ìgboro. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ Àgbádárìgì sínú fóònù yín kẹ́ ẹ wò ó. Dẹ́rẹ́bà á pè, á béèrè ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, bẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ẹ̀ báyìí, ó lè pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, tàbí kó ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká pa fóònù tì ká jọ ṣe é ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ má gbà fún un. Ààbò tó wà nínú mọ́tò yẹn ni pé iléeṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ ẹni tó gbé yín àti ibi tó gbé yín gbà. Tẹ́ ẹ bá ti pa á tì, kí ló fi yàtọ̀ sí kábúkábú?

Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni kí òtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ fẹ́ dé sí ní Àgbádárìgì bá yín wá ọkọ̀. Ohun tá a ṣe lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Ọmọ Ègùn ni dẹ́rẹ́bà, ilé ló ń lọ, kò sí pé ó fẹ́ padà lófìfo. Ó tiẹ̀ ti gbé èrò wá sí Èkó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kó tó yà wá gbé, N65,000 ló gbà. Aago mẹ́wàá la gbéra n'Íkẹjà, aago kan ti kọjá díẹ̀ nígbà tá a débẹ̀. Kí àkàrà kan má tíì bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ, ó ti sọ ibi tí kòtò wà fún wa.

Ìwúlò ọmọ ìlú tún hàn níbi àyẹ̀wò. Nítorí bodè tó wà níwájú, ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, imigiréṣọ̀n àtàwọn tó ń wá oògùn olóró ló máa ń wà lójú títì yẹn. Nígbà tí Ààrẹ Buhari ti bodè pa, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 sí oṣù Kejìlá ọdún 2020, tiwọn tún wá le sí i. Kò sí ohun ìbẹ̀rù níbẹ̀ fún ẹni tí ìwé ẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kí páàsípọ́ọ̀tù wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ àpótí nínú búùtù. Kí ìwé mọ́tò dẹ́rẹ́bà pé, kó tan iná inú mọ́tò bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kó kí wọn, kó má ṣe àríyànjiyàn. Dẹ́rẹ́bà tiwa fi Ègùn kí wọn lẹ́ẹ̀mejì, n ò mọ ohun tó sọ, wọ́n ṣáà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká máa lọ. Tẹ́ ẹ bá wá ń bọ̀ wá sí Èkó, ẹ fi àyè sílẹ̀, torí àtọ̀nà bodè ni wọ́n ka ẹrù yín sí, wọn a sì máa tú u ju ti àlọ lọ.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé, òkun ṣì wà lódì kejì. Èyí kì í yé àwọn àlejò. Àgbádárìgì gan-an, etí ọ̀sà ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun níbi tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú lọ, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù Gbẹrẹfu, yóò wá fẹsẹ̀ rìn nínú yanrìn títí tó fi máa rí òpó méjì tí wọ́n fi sàmì ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return. Owó ọkọ̀ ojú omi kò sí nínú owó mọ́tò yín, ẹ ya tiẹ̀ sọ́tọ̀. Ọlọ́kọ̀ tí ò bá ní jákẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa wọ̀ kẹ́ ẹ má baà rì, ẹ dúró de èkejì. Orúnkún ò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rìn dé ìdí òpó yẹn, ó jókòó sábẹ́ àgbọn, àwa pẹ̀lú àwọn ọmọ la lọ. Ọmọ kékeré béèrè pé ṣé àwọn tí wọ́n kó lọ yẹn, bàálù ni wọ́n wọ̀ padà bíi tiwa. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nínú wa fún bíi ìṣẹ́jú kan.

Òkun ibẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n ó ń fa èèyàn. Kí àwọn ọmọ fẹsẹ̀ tọ omi, kò gbọ́dọ̀ ju orúnkún lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ lè lọ sí Suntan. Nínú ìlú, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí lọ́dún 1845 ṣì wà níbẹ̀, ẹ sì lè dé ọjà ẹrú Vlekete àti ibi tí igi Agia wà kó tó wó lọ́dún 1959, níbi tí Thomas Birch Freeman ti wàásù lọ́dún 1842. Ọjọ́ kan tó gbogbo ẹ̀ o, bí ẹ bá tètè jí.

Ọ̀rọ̀ àbọ̀ ló kù. Bàálù ilẹ̀ òkèèrè púpọ̀ alẹ́ ló ń gbéra, ìyẹn ló fi ń ṣe àwọn èèyàn bíi pé ààyè wà. Bàálù aago mọ́kànlá alẹ́, aago mẹ́jọ ló yẹ kéèyàn ti dé ẹ́ápọ́ọ̀tù, ẹni tó bá sì ń bọ̀ láti Àgbádárìgì, kó ti wà nínú mọ́tò ní aago méjì ọ̀sán, bí ọjọ́ Friday bá sì ni, aago kan. Dẹ́rẹ́bà kan náà tó gbé yín lọ ni kẹ́ ẹ bá ṣe é, owó á rọjú, nítorí òun náà á ti mọ̀ pé òun ní iṣẹ́ méjì. Tiwa dé ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti fọ mọ́tò, ó sì ra àgbọn mẹ́fà sínú búùtù fún Màmá.